Ìtìjú Kì í Pa Akẹ́kọ̀ọ́

 

Ọ̀rọ̀ kíláàsì àgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ojú odò kọjá kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà náà kò jìn.

Gbogbo yín lẹ gbọ́ ìkéde náà, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léraléra: kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn àgbà, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ṣáájú ìkéde yẹn, ènìyàn mọ́kànlá ló ti wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, pé àwọn fẹ́ mọ ìwé kà. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ènìyàn méjì ló yọjú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku ẹnì kan. Mo lọ kí àwọn yòókù nílé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun kò fẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Pásítọ̀, ọjọ́ ti lọ." Òmíràn ní, "Ẹ wo àwọn tó fẹ́ kọ́ wa, sà. Ṣé ọmọ tí mo bá ìyá rẹ̀ pọ̀n ni kó wá máa nàka sí pátákó níwájú mi?"

Mo gbọ́ o. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan wà láàárín wa, n kò ní dárúkọ wọn. Bí àlẹ́ẹ̀tì báńkì bá wọlé sórí fóònù wọn, ọmọ aládùúgbò ni wọ́n máa ń pè kó bá wọn kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ iye tó wọlé. Bí wọ́n bá gba oògùn bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn ló máa sọ fún wọn bóyá ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹni yẹn kò bá sí nílé ńkọ́? Bí ó bá ṣi ìwé kà ńkọ́? Ẹ̀yin ará, ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó wà nínú rẹ̀, iyì ọmọ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà tí mo lọ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ lójú omi, níwájú àwọn ọmọ tó lè pè mí ní bàbá. Mo mọ bí ó ti ń rí lára.

Ẹ rántí omi ọdún 2022. Ta ló lè gbàgbé nínú wa ní Lọ́kọ́ja níbí? Odò Ọya kún, Bẹ́núè kún, àwọn méjèèjì sì ya wọ inú ìlú. Ọ̀nà Ganaja wọ abẹ́ omi. Lójú ọ̀nà Àbújá, tírélà àti bọ́ọ̀sì tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀. Àwọn tó ti rí omi ọdún 2012 ń wo ara wọn lójú.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ igi la fi ń kó àwọn ará wa àti ẹrù wọn jáde nínú ilé. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ náà, a lọ a bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe níbẹ̀? Mo ń gbàdúrà, mo sì di etí ọkọ̀ mú. Ọkùnrin Tápà kan ló ń wà wá. Nígbà tí a ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Àjẹ̀ kejì sì wà nílẹ̀ ọkọ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi gan-an. Nínú gbogbo àwa tó jókòó, kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń lò ó. Ẹ má ṣì mí gbọ́, àdúrà dára, àdúrà náà ló sì mú wa dé èbúté. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹrù ni mí nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà ń wa àpò ìrẹsì, ó ń wa mátírẹ́ẹ̀sì, ó sì ń wa pásítọ̀.

Nígbà tí omi fà, tí ọyẹ́ dé, mo lọ bá ẹgbẹ́ kékeré kan létí odò, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà fún eré ìdíje. Wọn kò pọ̀, ohun èlò wọn náà kò pọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ igi mélòó kan, irú tí gbogbo wa mọ̀, tí a fi ń kọjú síbi tí à ń lọ, tí a sì ń fi àjẹ̀ kan wà. Wọ́n tún ní méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Irú èyí ní àjẹ̀ gígùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àjókòó rẹ̀ sì ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ tì. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré òyìnbó nìkan ni, kó rántí pé ní ìdíje Olympics tó wáyé ní Rio lọ́dún 2016, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chierika Ukogu wa irú ọkọ̀ yìí fún Nàìjíríà. Òun sì ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mítà 2000 ni wọ́n fi ń díje.

Ẹni tó kọ́ mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ Tápà ni, mùsùlùmí ni, apẹja ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ń pè mí ní "Bàbá Pásítọ̀". Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é ní "Kóòṣì", ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Rárá o, sà. Ẹ máa pe orúkọ mi." Mo ní, "Lórí ilẹ̀, màá máa pe orúkọ rẹ. Lójú omi, ìwọ ni kóòṣì." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ tí ó ń fún ọjọ́ orí mi kò dín kù, ọ̀wọ̀ tí mo ń fún ìmọ̀ rẹ̀ náà kò dín kù. Méjèèjì gba inú ọkọ̀ kan náà, ọkọ̀ náà kò sì rì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò wa ọkọ̀ rárá. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi ní bí a ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú ènìyàn léfòó, bí a ti ń dì í kó má bọ́ lọ́rùn. Ó mú mi wọ ibi tí omi kò ju àyà lọ, ó ní kí n sùn lé e lórí, kí n má jà. Ó sọ fún mi pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, n kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ wá èbúté. Ara ọkọ̀ ni kí n dì mọ́, nítorí pé ọkọ̀ igi, bí ó tilẹ̀ kún fún omi, kì í sábà rì, àwọn tó ń wá ni yóò sì tètè rí ọkọ̀ ju orí ènìyàn kan lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í dìde dúró nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tó ń sọdá lọ sọ́jà. Ẹ má wọ ọkọ̀ tó kún àkúnjù. Ẹ béèrè jákẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, mo rí ìdí tí ẹ̀kọ́ fi máa ń le fún àgbà. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣàlàyé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lórí pẹpẹ ìwàásù. Bí Kóòṣì bá sọ gbólóhùn kan, ọpọlọ mi ti fi mẹ́ta kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo lè ṣàlàyé ọkọ̀ wíwà fún ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ náà kò sì kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Pásítọ̀, ẹnu yín ti mọ̀ ọ́n. Ó ku ẹsẹ̀."

Ẹsẹ̀ ni ó sọ o, kì í ṣe apá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyẹn. Nínú irú ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á di ẹsẹ̀ yín mọ́ pátákó, ẹ ó ká orúnkún, ẹ ó ti abẹ́ àjẹ̀ bọ omi, ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ ti ara yín sẹ́yìn. Ẹ̀yìn á tẹ̀lé ẹsẹ̀, apá ni yóò kẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ fi apá fà á, kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ohun kejì ni dídi àjẹ̀ mú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń fún un mọ́ra bí ẹni mú olè. Àtẹ́lẹwọ́ á bó, àjẹ̀ náà á sì rì jù. Bí ó bá rì jù, omi á gbá a mú, ọwọ́ àjẹ̀ á padà wá gbá ènìyàn láyà. Àwọn òyìnbó awakọ̀ ní èdè kan fún un, wọ́n ní ènìyàn mú akàn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í mú akàn. Èmi náà mú un, mo mú tó agbọ̀n kan. Kóòṣì ní, "Ẹ rọra dì í, sà. Àjẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró sí lójú omi. Ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kó dúró."

Àwọn ọmọ tó ń fọṣọ létí odò a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ wá wò ó, pásítọ̀ ń bá omi jà!" Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti dé kíláàsì àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn: kò sí nǹkan kan. Mo jẹun lálẹ́, mo sùn, ilẹ̀ mọ́. Ojú tì mí, mo gbà, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tó pariwo yẹn kan náà ló bá mi di okùn ọkọ̀ mú kí n lè wọlé, ó sì béèrè bóyá òun náà lè kọ́ ọ.

Ọ̀kan tí ó le jù lọ fún mi ni ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì. Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹni kan ló ń jókòó síwájú ẹnì kejì, ẹni tó wà níwájú ló sì ń pinnu ìgbà tí àjẹ̀ ń bọ omi àti ìgbà tí ó ń jáde. Ẹni ẹ̀yìn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa wo ẹ̀yìn ẹni iwájú, kí ó sì ṣe bí ó ti ń ṣe. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ni wọ́n fi síwájú mi. Ọmọ tí, bí mo bá wọlé ìyá rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ kí mi. Lójú omi, bí kò bá gbé àjẹ̀ sókè, èmi náà kò gbọ́dọ̀ gbé e. Mo lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá lo agbára náà lásìkò tèmi, ńṣe ni ọkọ̀ á máa ṣe jàgbàjàgbà. Bí mo bá lò ó lásìkò tirẹ̀, ọkọ̀ á sáré bí ẹja.

Mo rántí Àpólò nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ẹni tó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú ni. Tọkọtaya tó ń pa àgọ́ ta, Ákúílà àti Pírísílà, gbọ́ ìwàásù rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ku díẹ̀. Wọn kò dójú tì í nínú sínágọ́gù. Wọ́n pè é sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì la ọ̀nà náà yé e sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé Àpólò jókòó, ó gbọ́. Ká ní ó ti sọ pé, "Ta ni yín? Apàgọ́!" ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ì bá dúró sí nìyẹn.

Odò tiwa yìí náà ní ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, bá ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ọya wá síhìn-ín lọ́dún 1841, ó tún padà wá lọ́dún 1854, ó sì tún wá lọ́dún 1857 láti dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Àlùfáà ni, ó ti kọ ìwé lórí èdè Yorùbá, ó ti wà lára àwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ó lè jókòó lórí ìmọ̀ yẹn kí ó sì jẹun títí ayé. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí odò kò gbọ́ Yorùbá. Ó tún jókòó bí ọmọ ilé-ìwé, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọ́kà èdè Ìgbò tó ṣe jáde lọ́dún 1857. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Tápà jáde lọ́dún 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ ronú sí i. Ọdún tí wọ́n gbé e dé ipò tó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Ẹ ó ní, "Pásítọ̀, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò." Òótọ́ ni, n kò lè bá òwe jà. Èmi kò ní gba góòlù níbikíbi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kọ́ láàárín oṣù kan ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́. Ẹ̀yìn dùn mí lóru, mo fi òróró pa á. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, mo lọ jẹ́ kí dókítà yẹ ìfúnpá mi wò. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ṣe nǹkan nìyẹn, kò sí ìdí láti purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo wá lọ síbẹ̀ fún. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí àjẹ̀ kejì bá wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ mi máa mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Lónìí, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá dákẹ́, mo lè gbé ènìyàn kan sínú ọkọ̀, kí n sọdá apá odò tí kò fẹ̀, kí n sì gbé e padà. Ó mọ ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n mi ò kì í ṣe ẹrù mọ́. Ìyá wa kò nílò kí wọ́n di púrófẹ́sọ̀. Wọ́n fẹ́ ka àlẹ́ẹ̀tì wọn fúnra wọn, kí wọ́n sì mọ iye ìgbà tí wọn máa lo oògùn.

Ó ku ẹ̀kọ́ kan, òun ni mo sì fi pamọ́ dìgbà yìí.

Nínú ọkọ̀ alájẹ̀ méjì, ẹ̀yìn ni ènìyàn ń kọ sí ibi tó ń lọ. Ojú yín ń wo èbúté tí ẹ ti kúrò. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo ń yí ọrùn ṣáá, bí mo bá sì ti yí ọrùn, ọkọ̀ á fì. Kóòṣì ní kí n máa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí n má baà kọ lu nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló ń mú ọkọ̀ lọ tààrà. Ó ní kí n wo ìlú tí mo fi sílẹ̀, kí n wá àmì méjì: ọ̀kan jìnnà, ọ̀kan súnmọ́. Mo mú orí Òkè Patti tó ga lókè ìlú, mo sì mú igi kan létí omi. Bí igi náà bá dúró gẹ́lẹ́ lábẹ́ orí òkè, ọkọ̀ mi ń lọ bó ti yẹ. Bí igi bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a jẹ́ pé omi ti ń gbé mi lọ, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àmì kan ṣoṣo kò tó, méjì ló ń sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ tí mo lóye èyí, ọkàn mi lọ sí Ìyìn Rere Máàkù orí kẹfà, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń làálàá lórí ọkọ̀ wíwà nígbà tí afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí ẹni tó ń fi àjẹ̀ gígùn wa ọkọ̀ bá ti ń kọ ojú sí ibi tó ti kúrò, a jẹ́ pé nínú òkùnkùn yẹn, èbúté tí wọ́n ti fi Jésù sílẹ̀ ni ojú wọn wà. Wọn kò rí ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ti wá ni wọ́n kọjú sí, ọ̀nà yẹn kan náà sì ni Olúwa gbà tọ̀ wọ́n wá.

Àwọn bàbá wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti máa ń rò pé òwe yẹn ń bá àgbà wí ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì ní ni èbúté tó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ní i. Ẹ ti sin òkú, ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ ti ta ọjà tó jèrè àti èyí tó kú sí ọwọ́ yín, ẹ ti rí omi 2012, ẹ rí ti 2022, Ọlọ́run sì mú yín jáde. Èyí ni Òkè Patti yín. Ẹ tún mú àmì tó súnmọ́, ohun tí Olúwa ṣe fún yín lánàá. Bí ẹ bá fi méjèèjì sórí ìlà kan, ẹ lè máa lọ síbi tí ojú yín kò tíì rí. Kò sí ohun tó sọ pé ẹni tó ti pẹ́ láyé kò lè bẹ̀rẹ̀. Òun gan-an ló ní ohun tí yóò máa wò bó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, a ti tún kíláàsì náà tò. Kò ní sí pátákó níwájú mọ́. Tábìlì la máa tò, ẹni méjì méjì, akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú olùkọ́ kan. Kò sẹ́ni tí wọn máa ní kó dìde kàwé létí gbogbo ènìyàn. Orúkọ yín la fi máa bẹ̀rẹ̀, ká tó lọ sí nọ́ńbà fóònù, ká tó wá kan àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lára páálí oògùn àti nínú àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Lẹ́yìn náà la ó ṣí ìwé Orin Dáfídì. Ẹ mú gíláàsì ojú yín wá. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ wọn, ẹ ṣe bíi ti Ákúílà àti Pírísílà. Ẹ máa kí àgbà bí a ti ń kí àgbà, kí ẹ sì kọ́ wọn bí a ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má gba gègé lọ́wọ́ wọn kí ẹ bá wọn kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú akàn tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan tó ń fi ìka tọ́ lẹ́tà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀.

Èmi náà kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà máa ka orí yín. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa tó gbọ́ èdè Tápà ti gbà láti kọ́ mi lásìkò kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà. Tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni tèmi. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ̀yin náà ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára.

Kí Olúwa tó rí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ láti èbúté wá rí gbogbo ẹni tó ń làálàá láti kọ́ ohun tuntun. Kó fún ẹsẹ̀ yín lókun, kó mú ẹ̀rù kúrò lọ́wọ́ yín, kó sì jẹ́ kí àmì rere tó wà lẹ́yìn yín máa hàn kedere sí yín. Àmín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn mọ́kànlá ni mò ń retí, mo sì ti tò àga méjìlá sílẹ̀.